Àgbò Iléyá: ọjà ẹran ni àbí ọ̀dọ̀ olùsìn àdúgbò?

Ọ̀nà méjì làwa ará Ìbàdàn fi ń ra àgbò Iléyá báyìí. Ẹ lè gba ọjà ẹran lọ, irú ti Akínyẹlé, níbi tí ọkọ̀ ti ń já ẹran láti òkè Ọya. Ẹ sì lè lọ bá àwọn tó ń sin àgùntàn nítòsí, tí wọ́n ń gba àsansílẹ̀ kí ọdún tó dé. Mo ti ra níbi méjèèjì.

Ní ti owó, ọjà ló máa ń dínwó, bí ẹ bá mọ ọjà ná. Ní ti ṣíṣà, wọn kò ṣe é fi wéra: lọ́jà, oríṣiríṣi àgùntàn lẹ máa bá, Uda tí iwájú rẹ̀ dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, Balami tó ga fíofío, Yankasa tó dà bí ẹni lé tìróò. Lọ́dọ̀ olùsìn, méje mẹ́jọ lẹ máa bá, òmíràn sì kúrú bí àpótí.

Ẹ má jẹ́ kí ikùn ńlá tàn yín jẹ. Lọ́dún kan, nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ márùn-ún, mo ra àgbò kan lọ́jà tí n kò ní dárúkọ. Ikùn rẹ̀ tóbi bí agbè. Àṣé iyọ̀ ni wọ́n fún un lá, kó lè mu omi yó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti tọ ìdajì owó mi dà sí ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kejì, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó ń wúkọ́. Mo rò pé ebi ni, mo bu àgbàdo fún un dáadáa. Ẹran tó jẹ́ pé ewé ẹ̀pà gbígbẹ ló mọ̀ ọ́n jẹ láti ọ̀nà jíjìn! Inú rẹ̀ tún wú, afẹ́fẹ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó kú nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo padà sọ́jà. Ẹni tó tà á fún mi wò mí títí, ó ní ṣé òun ni òun pa á ni.

Ẹ má wo ikùn mọ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí egungun ìhà parí sí. Bí egungun bá gún yín lọ́wọ́, omi lẹ fẹ́ rà. Ẹ wo imú, ẹ wo ìdí bóyá ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ la ẹnu rẹ̀: bí eyín ńlá méjì bá ti yọ níwájú nísàlẹ̀, ó ti tó ọmọ ọdún kan. Ẹ jẹ́ kó rìn. Arọ kò ṣe é fi ṣe ọdún.

Olùsìn tí mo ń bá rà báyìí, kílò ló fi ń tà. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń ní kó gbé e sórí ìwọ̀n, kó tó jẹun, torí olùsìn náà kúkú mọ iyọ̀. Àgbò tó bá wọn kílò 40 láàyè, ẹ má retí ju bíi 20 lọ nígbà tí awọ, orí, ẹsẹ̀ àti ìfun bá kúrò. Èèpo pákí gbígbẹ tó ń jẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ náà ló ń jẹ nílé mi. Bó bá kú kí n tó wá mú un, tirẹ̀ ló kú.

Méjèèjì ló dára o. Ẹni tó mọ ẹran wò, tó sì fẹ́ ìwo ńlá tí yóò hàn nínú fọ́tò, kó máa lọ sọ́jà. Èmi ti san àsansílẹ̀ tọdún yìí: Yankasa kan, kílò 38 ló wọ̀n lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá.