Kámẹ́rà tí a ó fi yẹ dígí tẹlisíkóòpù wò: ti òde ìgbéyàwó ni àbí ti pílánẹ́ẹ̀tì?

Ẹni tó bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ lọ dígí tẹlisíkóòpù ti mọ ọ̀nà tí Foucault, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé, fi ń yẹ ojú dígí wò: iná kóńkóló, abẹ fẹ́lẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti padà wá kó jọ, ojú lẹ́yìn abẹ. Ojú lásán ni Foucault fi wò ó ní 1858, òun náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn di ojú kan fún wákàtí méjì nínú òkùnkùn, ọrùn mi kò gbà á mọ́.

Kámẹ́rà fídíò onísúùmù, irú tí wọ́n fi ń ká òde ìgbéyàwó, ni mo kọ́kọ́ rà, tòkunbọ̀. Owó rẹ̀ rọjú. Èyí tí mo ń lò báyìí ni kámẹ́rà kékeré tí wọ́n fi ń ya pílánẹ́ẹ̀tì: kò ní lẹ́ǹsì tirẹ̀, wáyà USB ló so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìmọ́lẹ̀. Dígí mi jẹ́ íǹṣì 6, f/8 (ibi tó ń kó ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ jọ sí jìn sí i ní ìlọ́po mẹ́jọ fífẹ̀ rẹ̀). Nínú àyẹ̀wò yìí, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí dígí ni ìmọ́lẹ̀ iná kóńkóló ti ń padà wá kó jọ. Bí iná àti abẹ bá jọ ń rìn, nǹkan bíi mílímítà 1.2 péré ló yẹ kó wà láàárín ibi tí ìmọ́lẹ̀ àárín dígí ti kó jọ àti ibi tí ti etí rẹ̀ ti kó jọ. Mo bo dígí pẹ̀lú páálí Couder, páálí tí a gé fèrèsé méjìméjì sí lọ́tùn-ún àti lósì, mo wá ń sún abẹ títí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ọ̀tún àti tòsì yóò fi dọ́gba. Páálí dúdú ló gba àwòrán, kámẹ́rà òde rò pé ilẹ̀ ti ṣú, ó bá ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí fèrèsé méjèèjì fi funfun báláú. Mo sún abẹ síwájú, wọ́n dọ́gba. Mo fà á sẹ́yìn, wọ́n ṣì dọ́gba! Èmi náà kọ iye tí mo rí, mo ní àárín kò tíì jìn tó, mo padà sídìí dídán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìràwọ̀ ló tú mi fó: mo ti gbẹ́ àárín kọjá ààlà. Mo dá ojú dígí padà sí róbótó bí inú bọ́ọ̀lù, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Kámẹ́rà kékeré, iye tí o bá yàn fún un ló máa dúró lé. Bí abẹ bá wọlé, àwòrán á ṣú bó ṣe yẹ kó ṣú. Ra èyí tó ń ya àwòrán dúdú àti funfun. Lẹ́ǹsì mílímítà 50 máa ń jẹ́ kí dígí mi gba nǹkan bíi mílímítà 3 lórí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Owó lẹ́ǹsì náà lọ́tọ̀ ni o.

Méjèèjì, ojú dígí ni kí wọ́n dojú kọ, kì í ṣe abẹ. Atẹ́gùn máa ń mú àwòrán gbọ̀n: pa fáànù, ká fídíò ìṣẹ́jú kan, kí o sì da àwọn àwòrán rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ti òde kò nílò láptọ́ọ̀pù, kò sì bẹ̀rù kí iná lọ. Fóònù? Gbé e sún mọ́ abẹ dáadáa, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ etí dígí á pòórá.

Bó bá jẹ́ ìlà Ronchi nìkan lo fẹ́ wò (ìlà dúdú tó máa ń hàn lójú dígí bí a bá fi àwọ̀n onílà tín-ín-rín dípò abẹ), ti òde tó ọ. Kí o tó sanwó, yan ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ, kí o máa fọwọ́ bo lẹ́ǹsì díẹ̀díẹ̀. Bí àwòrán bá tún ara rẹ̀ ṣe, fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ọjà. Tèmi ti di ti àbúrò mi. Ó ń fi ká òde, wọ́n sì ní ó mọ́lẹ̀ dáadáa.