Bàbá Oníbíárìn ní Ajílósùn: họ́ọ̀bù tírélà tí mo fi ṣe ẹ̀rọ onátẹ́gùn

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ á máa yí, tí á máa gbé iná sínú bátìrì, tí ẹ sì wà ní Adó-Èkìtì tàbí ìtòsí rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ta bíárìn tòkunbọ̀ (irin róbótó tó ń jẹ́ kí nǹkan yí geerege) ní Ajílósùn, lọ́nà Ìkéré, ni kí ẹ lọ. Kò gbé pátákó síta, àmọ́ ẹ béèrè Bàbá Oníbíárìn lọ́wọ́ àwọn rìwáyà, wọ́n á júwe rẹ̀.

Họ́ọ̀bù tírélà kékeré, ìyẹn irin àárín táyà, ni mo lọ rà, irú èyí tí wọ́n fi ń wọ́ jẹnẹrétọ̀ kiri. Bíárìn méjì ló wà nínú rẹ̀, ńlá lẹ́yìn, kékeré níwájú. Orí kan róólà wọn, àwọn irin kéékèèké tó ń yí nínú bíárìn, tóbi ju èkejì lọ, wọ́n sì to bíárìn méjèèjì kí wọ́n kọjú síra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ru ẹrù, tí wọ́n tún lè dúró bí nǹkan bá ń tì wọ́n láti iwájú, bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń ti abẹ̀bẹ̀. Ohun tó ti ru jẹnẹrétọ̀ lójú ọ̀nà oníkòtò, abẹ̀bẹ̀ onígi àti mágínẹ́ẹ̀tì tí a máa dè mọ́ ọn kò lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Bàbá yìí kì í jẹ́ kéèyàn ra ọjà láìtú u wò. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ohun tí mo fẹ́. Ó tú ìdérí họ́ọ̀bù, ó yọ píìnì àti nọ́ọ̀tì, ó kó bíárìn sínú bàsíà kẹrosíìnì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gíríìsì dúdú kúrò títí irin fi ń dán. Ó ní, "Ọmọ mi, fi èékánná rẹ wọ́ ojú òrùka yìí." Òrùka yẹn ni irin tí róólà ń yí nínú rẹ̀. Mo wọ́ ọ. Èékánná mi kọ́ ihò kan tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó jù ú sáàárín irin tí wọ́n ń wọ̀n tà ní kílò. Òmíràn tó tú, róólà rẹ̀ ti pọ́n búlúù, àmì pé ó ti gbóná kọjá ààlà rí. Ìyẹn náà, kò tà á fún mi. Wáyà ló fi so bíárìn kọ̀ọ̀kan mọ́ òrùka tirẹ̀, nítorí wọ́n ti jọ yí pẹ́, ojú wọn ti mọ́ra. Tọkọtaya ni wọ́n, ó ní a kì í pààrọ̀ wọn.

Níbòmíràn tí mo ti kọ́kọ́ ra bíárìn, inú páálí tuntun ni wọ́n ti yọ ọ́ fún mi, mo sì san owó tuntun. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kùrà-kùrà.

Ìdí tí mo fi ń le koko lórí kí bíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ ni pé afẹ́fẹ́ Èkìtì kì í ṣe ti etí òkun. Lórí òkè tí a gbé ẹ̀rọ onátẹ́gùn náà sí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó máa ń fẹ́ gan-an bí òjò bá ṣú, àmọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló ń fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí eré afẹ́fẹ́ bá dín sí ìdajì, agbára inú rẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ìwọ̀nba tó kù yẹn, bí síìlì rọ́bà tó ń dí ẹnu họ́ọ̀bù kí gíríìsì má jò bá fún họ́ọ̀bù mọ́ra, òun ló máa jẹ ẹ́ tán. Àbúrò mi ọkùnrin yọ sípíríǹgì tín-ín-rín tó wà létí síìlì, ìwọ̀nba gíríìsì la sì fi sí i. Nígbà tí a fẹ́ dè é, à ń yí họ́ọ̀bù bí a ṣe ń fún nọ́ọ̀tì kí róólà lè jókòó, a tú u díẹ̀, a wá fi ìka lásán fún un padà títí kò fi mì mọ́, ká tó ki píìnì tuntun bọ̀ ọ́. Ẹ má lo píìnì àlòkù.

Owó rẹ̀ le: ₦22,000 ni mo san, kò dín kọ́bọ̀. Kò ní síìlì tuntun. Wẹ́dà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù sì fẹ́ jó irin mọ́ áásù, ọ̀pá tí họ́ọ̀bù ń yí lórí rẹ̀, nígbà tí bíárìn ṣì wà nínú rẹ̀, mo ní kó dúró ná. Iná mànàmáná wẹ́dà tó bá gba inú róólà kọjá máa ń dá ihò kéékèèké sí i lára. Ẹ yọ bíárìn síta kí ẹnikẹ́ni tó fi iná kàn án.

Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa padà sí. Mo ti ní kó bá mi fi họ́ọ̀bù mìíràn pamọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́ ní físíìsì, kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n sì tò ó padà. Ó ní kí n kúkú kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ọjọ́ Sátidé, torí ọjọ́ yẹn ni èrò ń pọ̀ jù.