Obìnrin tí wọ́n ti yẹgi fún, wọ́n ní ó tún bímọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta

Ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi o, inú ṣì ń bí mi. Mo sanwó ọdún kan gbáko fún sáìtì tí wọ́n fi ń wá ìran ẹni yìí torí màmá ìyàwó mi. Ọmọ Massachusetts lÁmẹ́ríkà ni wọ́n, ojú wọn ti ń bàjẹ́, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ìdílé àwọn wá láti ọ̀dọ̀ Mary Eastey, obìnrin ará Topsfield tí wọ́n yẹgi fún ní Salem lọ́jọ́ 22 oṣù September 1692 pé àjẹ́ ni.

Ó kọ́kọ́ dùn ún lò, mi ò ní parọ́. Alẹ́ mẹ́ta péré, mo ti dé nǹkan bíi 1700. Àfi bí wọ́n ṣe ní kí n gba ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí ní 1695 wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ Mary. 1695 kẹ̀! Àwọn èèyàn sì ti ń dà á kọ sínú ìtàn ìran tiwọn bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣírò ọdún.

Mo pè wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn. Ẹnì kejì ní oníbàárà ló kọ ọ́ síbẹ̀, kì í ṣe àwọn, mo ní ṣé oníbàárà náà ló ní kí n gbà á wọlé ni, ṣé òun ló gbowó mi, ló bá já fóònù mọ́ mi létí.

Ẹnì kẹta ni Ọlọ́run fi ṣàánú mi. Ohùn ìyá àgbà ni, ìṣẹ́jú 50 la fi sọ̀rọ̀, kò gbèjà ilé iṣẹ́ ẹ̀ rárá. Ó ní kí n pa tàwọn ẹlòmíì tì, ìwé ni kí n wò. Ó ní láyé ìgbà tọ́ba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Massachusetts, tóbìnrin bá ti lọ sílé ọkọ, orúkọ bàbá ẹ̀ á pòórá, "Mary ìyàwó Isaac" lásán ni wọ́n máa kọ, àfi kéèyàn wá a lọ sínú ìwé ogún, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìrìbọmi. Ó ní títí di ọdún 1752, ọjọ́ 25 oṣù March ni ọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ìrìbọmi Rebecca Nurse, ẹ̀gbọ́n Mary, tó wáyé lóṣù February, sí 1620 níbì kan, 1621 níbòmíì. Ìwé ìbí Topsfield tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí sáìtì Internet Archive ló ní ká jọ ṣí. Mary mìíràn ló bí ọmọ 1695 yẹn! Ọ̀dọ̀ ọmọ Mary tiwa míì ni ìran màmá gbà wá, ọmọ tí wọ́n ti bí tipẹ́ kí wàhálà tó dé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ka ẹ̀bẹ̀ tí Mary kọ sáwọn adájọ́ fún màmá. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí ara ẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé òun máa kú, kí wọ́n ṣáà má ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Màmá sunkún, èmi náà sunkún, torí mo mọ ohun tójú ìyá arúgbó ń rí nílé wa tí wọ́n bá ti pè é lájẹ̀ẹ́. Ní Salem náà, wọ́n ní ọwọ́ ìyá wọn ni Mary àti Rebecca ti jogún àjẹ́.

Mo tún wò ó láàárọ̀ yìí, wọn ò tíì yọ ọmọ 1695 kúrò lára Mary. Mi ò ní sanwó ọdún tó ń bọ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, torí ìyá àgbà orí fóònù yẹn nìkan ni.