Wọ́n ní kráńkì MG mi ti di pàǹtí: àgbéyẹ̀wò iléeṣẹ́ tó ń da bíárìn

Ímeèlì ìlà méjì ni iléeṣẹ́ tí mo gbé ẹ́ńjìnnì mi fún fi ránṣẹ́ sí mi nípa kráńkì, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì: kráńkì yín ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ san owó tuntun kí iṣẹ́ lè tẹ̀ síwájú. Kò sí ẹ kú àárọ̀, kò sí fọ́tò, wọn ò sì sọ ibi tó ti bàjẹ́. Owó tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ra Corolla tòkunbọ̀ kan, kó sì tún ṣẹ́ kù fún epo. Ojú mi pọ́n. Gbájúẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè é. Ó ṣe tán, àwọn náà ló ń ta kráńkì tuntun.

MG TA ni ọkọ̀ mi, ọkọ̀ eré kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1937. Ẹni tó bá ń wá irú àgbéyẹ̀wò báyìí kà ti mọ̀ ọ́n dáadáa, mi ò ní máa sọ bó ṣe gùn tó tàbí bó ṣe ń sáré tó. Ọ̀rọ̀ bíárìn, ibi tí kráńkì ń yí lé, ló gbé mi débí. Ọkọ̀ òde òní, ẹ ó wọ Ládípọ̀, ẹ ó ra bíárìn nínú páálí, mẹ́káníìkì á tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó parí. Ẹ́ńjìnnì TA, 1292 cc tí wọ́n mú lára Wolseley Ten, ọkọ̀ iléeṣẹ́ kan lábẹ́ Morris, kò gba bẹ́ẹ̀. Irin funfun, àdàpọ̀ tin, antimony àti bàbà, ni wọ́n yọ́ dà sínú kọ́n-rọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó so písítìnnì mọ́ kráńkì, kí wọ́n tó wá gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n kráńkì. Tó bá ti jẹ, kò sí páálí tí ẹ fẹ́ lọ rà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dà lẹ ó máa wá kiri, wọn ò sì pọ̀ mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tèmi ti ń nọ́ọ̀kì láti ìgbà tí mo ti rà á, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀kì tí èèyàn lè fi rédíò bò mọ́lẹ̀. (Ọkọ̀ náà ò tiẹ̀ ní rédíò.)

Mi ò fèsì ímeèlì. Mo gbọ̀nà Midlands, ibi tí iléeṣẹ́ náà wà, láti Essex lọ́hùn-ún. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ọ́fíìsì wọn ò gbójú sókè. Ó ní ṣé mo ti bá wọn ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀. Mo ní kráńkì mi ni mo wá wò. Ó tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó wá ní, "Ó ti wà lára àwọn tí wọ́n máa kó dànù." Ta ló fún yín láṣẹ? Ó ní bí iléeṣẹ́ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Mo ní kó fi ibi tí mo ti fọwọ́ sí i hàn mí. Kò rí i. Ó ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Ohùn mi ti ń lọ sókè, mo sì mọ̀ pé bí aláwọ̀ dúdú bá ti pariwo nírú ibẹ̀, ẹjọ́ ti yí nìyẹn, ni mo bá gbé ohùn wálẹ̀, mo ń ka ọ̀rọ̀ náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń ka owó.

Ibẹ̀ la wà tí bàbá arúgbó kan fi wọlé wá bu omi tíì. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gba epo débi pé n kò lè sọ àwọ̀ tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo ni TA?" Mo ní èmi ni. Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, kò bu tíì náà mọ́, ó ní kí n máa tẹ̀ lé òun. Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ló ń pè é lórúkọ gan-an. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. "Sir" ni mo ń pè é títí mo fi kúrò níbẹ̀, ó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Kráńkì mi ò tíì dé inú pàǹtí rárá. Orí tábìlì bàbá ló wà, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó gbé e wọ inú yàrá kótópó kan, ó gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń sọ irin di mágínẹ́ẹ̀tì, ó da omi kan tí lẹ́búlẹ́bú irin wà nínú rẹ̀ sí i lára. Ó pa iná. Ó tan gílóòbù aláwọ̀ àlùkò kan. Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Ó rọra yí kráńkì náà, ìlà kan sì yọ, ó tín-ín-rín, ó ń tàn ní àwọ̀ ewé, ní igun tí ibi ìjókòó kọ́n-rọ́ọ̀dù kẹta ti pàdé apá kráńkì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká dé ìdajì. Ibi tó ti sán nìyẹn. Bàbá mọ̀ pé mi ò tíì gbà. Ó fi àkísà nù ún nù, ó da omi náà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó pa iná. Ojú ibẹ̀ gan-an ni ìlà náà tún padà yọ sí. Ó ní, "Lọ́jọ́ tó bá já, inú bulọ́ọ̀kù ló máa gbà jáde." Bulọ́ọ̀kù TA tó bá ti lu, ẹ wá òmíràn lọ.

Gbogbo ìjà tí mo gbé wá láti Essex rọ̀ nínú òkùnkùn yẹn.

Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n lọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti débẹ̀, kí n wo bí wọ́n ṣe ń dà á. Kọ́n-rọ́ọ̀dù ẹlòmíì ló wà lórí iná. Wọ́n ti yọ́ irin àtijọ́ kúrò, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n wá ń ri i bọ inú tin kí irin tuntun lè rí nǹkan gbá mú. Bí tin bá ṣá ibì kan sílẹ̀, bó ti wù kó kéré, ibẹ̀ ni bíárìn yóò ti ṣí lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn náà ó fi ìgbakọ bu irin funfun, ó dà á lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, kò sì dúró láàárín. Nígbà tó tutù, ó fi okùn gbé e kọ́, ó fi òòlù kékeré kàn án. Ó dún gooro. Ó wá mú òmíràn tí ọmọ iṣẹ́ dà láàárọ̀, ó kàn án, ìyẹn dún pẹ̀, ó sì jù ú padà síbi tí wọ́n ti máa yọ́ ọ dànù. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ọ́fíìsì. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò lè ya fọ́tò ìlà náà? Gbogbo wa la ní fóònù. Mo wá kráńkì àlòkù rà fúnra mi lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, kò sán, wọ́n lọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n. Ọ́fíìsì gba owó àyẹ̀wò àkọ́kọ́, tí kò sí nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ sọ, wọ́n tún gba ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá fi VAT ìdá 20 nínú 100 lé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí ọdún Àjíǹde tó dé, màá ti gba ẹ́ńjìnnì mi. Ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ ti Beaulieu, ti oṣù September, ti tú kó tó dé.

Nígbà tó wá dé, bóòtù méjì nínú rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Mo ki ọ̀kan bọhò, ó yí díẹ̀, ó há. Mo pè wọ́n. Obìnrin náà ní, "Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, Whitworth ni gbogbo wọn." Whitworth ni ìwọ̀n bóòtù àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń gbowó nídìí iṣẹ́ yìí! Hotchkiss, àwọn ará Faransé tó ń ṣe ìbọn, ló dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Coventry nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọ́n ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún Morris lẹ́yìn ogun, Morris sì rà wọ́n ní 1923. Ẹ̀rọ ìgé-bóòtù wọn jẹ́ ti mìlímítà, Morris ò sì pààrọ̀ wọn; ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tèmi náà ti wá. Kí mẹ́káníìkì Gẹ̀ẹ́sì má baà ra sípáná mìíràn ni wọ́n fi ṣe orí bóòtù ní ìwọ̀n Whitworth. Orí Gẹ̀ẹ́sì, ara Faransé. Mo sọ gbogbo èyí fún un lórí fóònù. Ó ní òun yóò bi wọ́n lẹ́yìn.

Bàbá ló pè mí padà, kò pẹ́ rárá. Ó ti rí bóòtù mi nínú agolo kan lábẹ́ tábìlì ọmọ iṣẹ́. Wọ́n dé nínú lẹ́tà, pẹ̀lú bébà pélébé tó kọ "Má bínú" sí. Ọ́fíìsì ò sọ nǹkan kan títí di òní.

Àwọn kan yóò ní kí n tiẹ̀ ti sọ ọ́ di ti bíárìn inú páálí, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì burú fún ẹni tó fẹ́ máa sáré. Èmi ò fẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń dún báyìí, mi ò ní fi pààrọ̀ tuntun kankan. Nọ́ọ̀kì ti lọ. Bó ti wù kó gbóná tó, ọwọ́ aago ọ́ìlì dúró lórí 50, kò yẹ̀.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Oṣù tó kọjá ni mo bá ọ̀rẹ́ mi gbé ẹ́ńjìnnì Riley Nine tirẹ̀ lọ síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo bóòtù rẹ̀ tí a ti fi wáyà so pọ̀, tí a sì ti ya fọ́tò wọn.