Ẹja Oscar, ẹja ọ̀sìn inú gíláàsì, tí ò jẹ pẹ́lẹ́ẹ̀tì (oúnjẹ ẹja gbígbẹ oníhóró): ká febi mú un ni àbí ká fi edé tàn án?

Ẹ febi mú un, ó yá lóòótọ́: ọjọ́ mélòó kan láìjẹun, ẹ wá ju pẹ́lẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan sómi, tí ò bá jẹ ẹ́ ẹ tètè yọ ọ́ kómi má bàa bàjẹ́. Ẹja ńlá tó sanra lè fara dà á o, àmọ́ ọmọ ẹja kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ti edé lèmi fẹ́ràn jù, ẹ bó o, ẹ ki pẹ́lẹ́ẹ̀tì tó ti rọ̀ sínú ẹ̀, ẹ máa dín edé yẹn kù díẹ̀díẹ̀, ó máa ń pẹ́ ṣùgbọ́n ẹja ò ní rù. Tó bá gbé e sẹ́nu, tó pọ̀ ọ́, tó tún padà gbé e, ó ti ń gbà nìyẹn. Ẹja kékeré goldfish ààyè tẹ́ ẹ̀ ń jù sí i kó jẹ, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀, ó ń ba fítámì B1 jẹ́ lára Oscar yín.