Fairphone 5: fóònù tí mo lè fọwọ́ ara mi tú
Fóònù tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, glúù ni wọ́n fi lẹ bátìrì mọ́ inú rẹ̀. Nígbà tí bátìrì kú, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Peckham, ní London, ní kí n kúkú ra òmíràn. Ó bí mi nínú gan-an. Ṣebí owó mi ni mo fi rà á!

Fairphone 5, tó jáde ní 2023, kò rí bẹ́ẹ̀. Èékánná lásán ni mo fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ bátìrì. Síkírúdíráfà kan ló tó láti pààrọ̀ ojú rẹ̀, kámẹ́rà àti ibi tí a ń ki ṣájà bọ̀, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì ń ta àwọn ẹ̀yà yìí fún ẹnikẹ́ni. Ó wọ́n o, kò sì ní ihò earphone. Èmi rà á bẹ́ẹ̀.