Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń darí iṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú àti iléeṣẹ́ ńlá, Alágbàká, Àkúrẹ́: ọjọ́ kejì ni kí ẹ sanwó fún

₦85,000 ni wọ́n gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì yìí, nínú gbọ̀ngàn ilé ìtura kan ní Alágbàká. Iléeṣẹ́ wa ló san tèmi. Alábòójútó ṣíìfù ni mí níbi tí wọ́n ti ń fi kòkó ṣe bọ́tà àti páúdà, iṣẹ́ tí ẹ̀ka márùn-ún mẹ́fà máa ń fọwọ́ kan ẹrù kan náà kó tó wọ páálí. Ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ wa ni bí àwọn èèyàn tí ọ̀gá wọn kì í ṣe ọ̀kan náà ṣe lè jọ ṣe iṣẹ́ kan láìdí ara wọn lọ́wọ́, àti bí a ṣe lè wọn iṣẹ́ ọ̀hún ká mọ̀ bóyá ó ń lọ déédéé. Bí ẹ bá bi mí bóyá ó tó owó tí wọ́n gbà, màá ní ọjọ́ kejì tó o, ó tiẹ̀ lé. Ti ọjọ́ kìíní, ẹ lè jókòó sílé yín.

Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣètò rẹ̀, torí mo máa bẹnu àtẹ́ lu àwọn ibì kan, èèyàn dáadáa sì ni wọ́n.

Orin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ká dìde, ká di ọwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mú, ká wí fún un pé a ò lè dá a ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan tó wá láti sọ́mìlì, tí gbogbo irun rẹ̀ ti funfun, jókòó gbagidi ní tiẹ̀, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kíá ni mo ti mọ ẹgbẹ́ ẹni tí màá jókòó sí lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ ìwúrí la gbọ́ títí aago mọ́kànlá fi lù. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ lẹ́bàá bọ́ílà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ dára.

Ìgbà tí wọ́n dé orí pápákọ̀ òfurufú ni mo tó gbé bírò. Àwòrán tí olùkọ́ gbé sára ògiri jẹ́ ti àwọn pápákọ̀ ńláńlá tí èrò ń gba inú afárá wọ ọkọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìkẹ́rù ní pápákọ̀ tiwa lọ́nà Ọ̀wọ̀ nawọ́ sókè, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, orí ilẹ̀ làwọn èrò tiwa ń rìn o.” Olùkọ́ ò bínú. Ó na bírò pátákó sí i, ó ní kó wá yà á fún wa. Mo fún olùkọ́ ní máàkì fún ìyẹn, torí àwọn míì á ti pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́.

Ọmọ náà ya ọkọ̀ ATR 72, ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ méjì tó ń gbé nǹkan bí àádọ́rin èrò. Ẹ̀yìn lápá òsì ni èrò ń gbà wọlé, iwájú ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ ẹrù sí. Torí pé ẹ̀yìn ni gbogbo èèyàn ń rọ́ gbà, wọ́n máa ń fi ọ̀pá kan ti ìdí ọkọ̀ náà lábẹ́ kó má baà fìdí jókòó. Ọkọ̀ yìí kò ní ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ọkọ̀ ńlá fi ń tanná bí wọ́n bá dúró sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, wọ́n á wá fi búrékì de abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí iná àti afẹ́fẹ́ tútù lè wà nínú ọkọ̀. Mo béèrè pé ta ló ń yọ ọ̀pá ìdí ọkọ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. “Mọ̀mí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń yọ ọ̀pá, ẹni tó ń ka èrò, ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ẹrù, àti páílọ́ọ̀tì: ẹni mẹ́rin ni. Bí ẹnì kan bá rò pé ẹnì kejì ti ṣe é, a ti há nìyẹn.”

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kọ́ mi ju gbogbo ohun tó wà lára ògiri láti àárọ̀ lọ. Kí ọkọ̀ kan tó gbéra nílẹ̀ wa, FAAN ló ń bójú tó pápákọ̀, NAMA ló wà nínú ilé gogoro tó ń darí ọkọ̀, NiMet ló ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ló ta tíkẹ́ẹ̀tì, iléeṣẹ́ mìíràn lè wà tó ń kó ẹrù, òmíràn ń ta epo, NCAA sì ń ṣọ́ gbogbo wọn. Ibi tí owó oṣù kálukú ti ń wá yàtọ̀. Kò sí ọ̀gá kan tó lè jágbe mọ́ gbogbo wọn láàárín ìdajì wákàtí tí ọkọ̀ fi wà nílẹ̀. Bí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run nínú oṣù Kejìlá, NiMet mọ̀, ilé gogoro mọ̀, páílọ́ọ̀tì mọ̀. Èrò tó ti wà níjòókòó látàárọ̀ ni ò mọ̀.

Ohun tí wọ́n ń fi yanjú ẹ̀ ní Yúróòpù ni wọ́n ń pè ní A-CDM, ìyẹn ni pé kí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ jọ máa ṣe ìpinnu. Pápákọ̀ Munich ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ pátápátá, lọ́dún 2007. Wọ́n pín ìrìn ọkọ̀ kan sí ìpele 16, láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ò tíì kúrò níbi tó ti ń bọ̀ títí dìgbà tó tún gbéra lọ. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ á dá àkókò kan tí ilẹ̀kùn máa tì tí ohun gbogbo á sì ti ṣetán, àkókò yẹn ni ilé gogoro, àwọn akẹ́rù àti àwọn aláàbò máa ń wò. Bó bá máa yẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ gbọ́dọ̀ wí i lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo ojú rí i pa pọ̀. Ó tán. Kò sí idán nínú rẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ sáré kọjá lórí èyí, ó wá lo wákàtí tó kù láti fi ojú kọ̀ǹpútà aláràbarà hàn wá, irú èyí tí kò sẹ́ni tó máa rà á fún wa.

Ó san án padà pẹ̀lú ìtàn Terminal 5, ilé èrò kan ní pápákọ̀ Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù. £4.3 bílíọ̀nù ni wọ́n fi kọ́ ọ, 27 oṣù Kẹta 2008 ni wọ́n ṣí i. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ò rí ibi gbé ọkọ̀ wọn sí, àyẹ̀wò ààbò dá àwọn míì dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ráyè wọlé ò rí ojú kọ̀ǹpútà ẹrù ṣí. Nígbà tí wọ́n ń dán ẹ̀rọ náà wò ṣáájú, wọ́n ti dí ojú ibi tí ìsọfúnni ń gbà wọlé kí ti ìdánwò má baà dà pọ̀ mọ́ ti gidi. Wọn ò rántí ṣí i padà. Báàgì bẹ̀rẹ̀ sí í ga bí òkìtì, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fagi lé láàárín ọjọ́ díẹ̀ sì lé ní 500. Ìyá tó wá láti iléeṣẹ́ búrẹ́dì ní ohun tó ń ká òun lára ni pé ẹ̀rọ tuntun ni gbogbo ẹ̀. Iyán wá dé, a jẹun.

Ọjọ́ kejì ló jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo èyí. Wọ́n to pọ́ǹpù kékeré méjì sórí tábìlì, pẹ̀lú páìpù, fáàfù, àti òkìtì ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́, ìwé tí wọ́n ń kọ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ láti tún un ṣe, tí a kò tíì kọ nǹkan sí. Wọ́n pín wa sí ẹgbẹ́ ọ̀sán àti ẹgbẹ́ alẹ́. Ẹgbẹ́ ọ̀sán tú fáàfù ààbò kúrò lára pọ́ǹpù A, wọ́n fi ìdérí bo ojú ibẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí tí agogo fi lù, wọ́n lé wọn síta. Ẹgbẹ́ alẹ́ wọlé, ìwé nìkan ni wọ́n bá. Lójijì, olùkọ́ ní pọ́ǹpù B ti dákú, kí lẹ máa ṣe? Wọ́n yẹ ìwé tó wà níwájú wọn wò, wọ́n rí ọ̀kan tó ní pọ́ǹpù A ń dúró de àtúnṣe ńlá tí ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, àtúnṣe ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ tan án. Ìwé kejì, èyí tó sọ pé fáàfù ti kúrò, wà nínú àpótí lórí tábìlì mìíràn lẹ́yìn wọn. Wọ́n tan án. Omi tú sára gbogbo wa.

Ìgbà yẹn ni olùkọ́ tó sọ pé bí Piper Alpha ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń wa epo àti gáàsì lórí Òkun Àríwá lápá Scotland, lálẹ́ 6 oṣù Keje 1988. Ìwé méjì lórí pọ́ǹpù kan, tí kò wà lójú kan náà. Gáàsì jò, ó gbiná, èèyàn 167 kú.

Ẹ̀gbọ́n sọ́mìlì ló dá sí i. Ó ní níbi tòun, ẹni tó bá ń pọ́n eyín ayùn máa ń fi àgádágodo ti ibi ìtanná, á sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tan ẹ̀rọ náà, àfi kó wá a rí. Olùkọ́ ní ohun tí wọ́n ń pè ní lockout nìyẹn, pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń ra ohun èlò rẹ̀ lówó gọbọi. Ẹ̀gbọ́n ní ọjà Ọba lòun ti ra tòun. A tún iṣẹ́ náà ṣe, pẹ̀lú àgádágodo, pẹ̀lú gbogbo ìwé pọ́ǹpù kan nínú fáìlì kan, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ sì gbọ́dọ̀ jọ dúró síwájú ẹ̀rọ náà. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tí omi kàn. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí pé Yorùbá la fi ṣe gbogbo ìyẹn, torí kò sáyè láti ṣa Gẹ̀ẹ́sì jọ nígbà tí agogo ń dún. Ìwé tí wọ́n pín fún wa wá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láti òkè délẹ̀. Àwọn fíta mi, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ò ní kà á.

Lọ́sàn-án la ta kora, lórí ìwọ̀n iṣẹ́. OEE ni wọ́n kọ́ wa, ìṣirò tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó hàn, tí Seiichi Nakajima ará Japan gbé kalẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́ fún 90 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́, tó sáré dé 95 nínú ọgọ́rùn-ún eré rẹ̀, tí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà rẹ̀ sì dára, tí ẹ bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn, kò ju nǹkan bí 85 lọ. Ìṣirò náà dára, ó ń tú àṣírí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ fẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lẹ nọ́ńbà tirẹ̀ mọ́ ògiri kí wọ́n máa bá ara wọn díje, mo sì dìde ta kò ó.

Ẹ wo kòkó. Bí omi inú ẹ̀ bá ju 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kì í pẹ́ bu nínú àpò. Bí ẹ bá ń yin àwọn tó ń já ẹrù nítorí bí ọkọ̀ ṣe ń tètè ṣófo, wọn ò ní dúró de ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wọn omi. Nọ́ńbà tiwọn á dán lára ògiri, àwọn tó ń yan kòkó ló máa jìyà ẹ̀. Ọmọ pápákọ̀ náà kín mi lẹ́yìn: bí ẹ bá ń fi àkókò tí ilẹ̀kùn tì wọn akẹ́rù, ọkọ̀ á gbéra lásìkò, báàgì ìyá ìyàwó á ṣẹ́ kù sí Èkó. Tèmi ni pé àárín ẹ̀ka méjì ni kí a wọ̀n: láti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti ní òun ti parí dìgbà tí ẹni kejì gbà pé òun ti gbà á bó ṣe yẹ. Kí ẹ̀ka méjèèjì jọ ni nọ́ńbà yẹn. Olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà nìyẹn. Èsì yẹn ò tó ₦85,000.

Gbogbo àpẹẹrẹ wọn ló tún gbà pé iná ọba wà. Níbi tiwa, ìdajì àkókò tí ẹ̀rọ fi ń dúró kò kan òṣìṣẹ́ kankan, jẹnẹrétọ̀ ló kàn. Wọn ò ní ìdáhùn sí bí a ṣe máa kọ ọ́ sínú ìṣirò kó má baà di ẹ̀bi ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ní tiwa, ìwé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti wà nínú fáìlì kan tí a so mọ́ ara ẹ̀rọ náà, àgádágodo sì ti wà. Wọ́n ti gbìyànjú láti fi WhatsApp rọ́pò ìdúró síwájú ẹ̀rọ, mo kọ̀ jálẹ̀: àmì búlúù méjì kò sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yé ẹnikẹ́ni. Àwọn fíta ń kùn pé ìdúró yẹn ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọn ò sanwó rẹ̀, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ọ̀gá ò sì tíì dá wọn lóhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ béèrè fún ọjọ́ kejì nìkan, ₦50,000 ni wọ́n sọ fún mi. Ẹ má rán máníjà nìkan lọ. Ẹ rán ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ àti ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ jókòó, kí wọ́n sì mú ìwé ìyọ̀ǹda iṣẹ́ tiyín dání torí tiwọn gùn jù. Kí wọ́n mú súẹ́tà lọ pẹ̀lú, wọn kì í pa ẹ̀rọ amúlétutù gbọ̀ngàn yẹn.